Ìbò Corley Hollow

Bàbá Orrin Thayer ni adarí ìpàdé ìlú wa. Ó ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi. Ilé rẹ̀ ló kángun sí tiwa, ògiri òkúta kékeré kan tí kò ga ju orúnkún mi lọ ló là wá láàárín. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń wọ bàtà rọ́bà títí ìgbà ooru yóò fi wọlé dáadáa. Ọ̀rọ̀ kì í yá a lẹ́nu. Tí èèyàn bá bi í ní nǹkan, yóò kọ́kọ́ wo ilẹ̀, yóò wo òkè, lẹ́yìn náà ni yóò dáhùn ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Mo fẹ́ràn èyí lára rẹ̀, torí èmi náà kì í tètè rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ní Corley Hollow, ìlú wa kékeré ní ìpínlẹ̀ Vermont, a kò ní olórí ìlú. Ìpàdé yẹn gan-an ni olórí. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà, gbogbo àgbàlagbà ìlú á kó ara wọn jọ sínú gbọ̀ngàn, wọn á jókòó sórí àga líle, ẹ̀wù òtútù wọn á máa rùn bí màlúù àti èéfín igi. Títì tí a ó tún ṣe, ọkọ̀ tí yóò máa kó yìnyín, iye tí ilé ìwé yóò ná, orí ìbò ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwa ọmọdé máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn lẹ́yìn, a ó máa wò wọ́n.

Òfin Bàbá Orrin le. Àkọ́kọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Òun adarí nìkan ni wọ́n lè bá sọ̀rọ̀, kódà bí wọ́n bá ń jà. Mo rántí ọdún tí Burt Lacasse, tó ń se omi igi mépù di oyin, àti Màmá Lavinia Stroud, tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́, jọ ń fa ọ̀rọ̀ nítorí ajá Burt.

"Adarí ìpàdé," Burt wí, "ẹ bá mi sọ fún Àǹtí Lavinia pé ajá mi kì í gbó rárá, àfi tó bá ti rí ojú wọn."

Màmá Lavinia dìde. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ Burt. "Adarí ìpàdé, ẹ sọ fún Burt pé ajá yẹn ló gbọ́n jù nínú ilé wọn. Ó mọ èèyàn gidi tó yẹ kó bá sọ̀rọ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Orrin kò rẹ́rìn-ín. Ó fi òòlù onígi rẹ̀ kan tábìlì. "Mo ti gbọ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀rọ̀ títì là ń sọ."

Òfin kejì ni pé adarí kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. N kò gbọ́ ọ rí kí ó sọ èyí tí òun fẹ́ àti èyí tí òun kò fẹ́. Òfin kẹta ló wá le jù. Tí a bá ti dìbò lórí ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà ti parí. Yóò ní, "Àwọn tó fara mọ́ ọn, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́." Yóò kan òòlù mọ́lẹ̀, yóò wá sọ pé, "Ìlú ti sọ̀rọ̀." Lẹ́yìn èyí, ẹni tó bá tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ì báà jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ra epo mọ́tò, ojú ni wọn yóò fi bá a wí. Bàbá Orrin kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà kan, ìlú dìbò pé a kò ní da òkúta sí títì tó wọ ilé rẹ̀. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ìgbà tí yìnyín bá ń yọ́, ẹrẹ̀ á gbé ọkọ̀ rẹ̀ mì dé ìdajì táyà, yóò sì sọ̀ kalẹ̀, yóò mú ṣọ́bìrì, kò ní ráhùn.

Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí mo ṣì ń kọ́ bí a ṣe ń kàwé. Láti ìgbà náà ló ti ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní àràárọ̀. Lẹ́tà wo ni Bàbá Orrin ń gbà? Ìwé àwọn tó ń ta irúgbìn, àti káàdì kan nígbà Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n yóò gbé igi ìdáná mọ́ apá, yóò lọ kanlẹ̀kùn kí wọ́n tó ṣí i. Yàrá kékeré kan ni, àpótí idẹ kéékèèké kún ara ògiri rẹ̀, sítóòfù igi wà ní àárín. Òkè ibẹ̀ ni Màmá Lavinia ń gbé.

"O ti pẹ́," ni yóò máa sọ fún un ní gbogbo àárọ̀, bí ó tilẹ̀ dé kí ìmọ́lẹ̀ tó tàn.

"Ọ̀nà ń yọ̀," ni Bàbá Orrin yóò dáhùn, kódà nígbà ooru.

Màmá Lavinia á wá máa sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú, òun á sì máa gbọ́. Nígbà mìíràn tí mo bá ń dúró de ọkọ̀ ilé ìwé níwájú ibẹ̀, mo máa ń rí Bàbá Orrin láti ojú fèrèsé, tí ó ń rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹ̀rín yẹn níbòmíràn. Mo bi màmá mi bóyá Bàbá Orrin fẹ́ràn Màmá Lavinia. Màmá mi ní, "Má bi í o. Tí o bá bi í, kò ní lọ síbẹ̀ mọ́."

Ní ìgbà òtútù ọdún tó kọjá ni ìkéde kan jáde lára ilẹ̀kùn ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ lẹ́tà ní Washington, olú ìlú orílẹ̀-èdè wa, ní àwọn ń gbèrò láti tì í, nítorí pé ìlú wa kéré. Stanbury, ní òdìkejì òkè, ni a ó ti máa lọ gba lẹ́tà wa. Kí wọ́n tó pinnu, wọ́n yóò wá sí ilé ìkàwé Stanbury láti gbọ́ tẹnu wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, kí ó wá.

Màmá Lavinia kò lè sọ nǹkan kan ní tirẹ̀, torí pé òṣìṣẹ́ wọn ni. Ohun tó sọ fún wa kò ju èyí lọ: "Tí wọ́n bá tì í, wọ́n ti ti yàrá mi náà nìyẹn. Ohio ni mo ń lọ, lọ́dọ̀ ọmọ mi. Kí ni mo fẹ́ jókòó máa wò níbí, ẹ̀fọn?"

Bàbá Orrin ń to igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù nígbà náà. Ó tò wọ́n tán, ó tún wó wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn tò.

Nígbà tí ìpàdé ìlú dé, Burt ló dìde. Ó ní kí ìlú dìbò pé Corley Hollow kò ní jẹ́ kí wọ́n ti ilé ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀. Bàbá Orrin ka ọ̀rọ̀ náà jáde. Nígbà tó ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn sọ̀rọ̀, ariwo "bẹ́ẹ̀ ni" mú kí gíláàsì fèrèsé dún. Nígbà tó pe àwọn tí kò fara mọ́ ọn, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ẹnìkan wúkọ́, gbogbo wa sì yíjú wò ó.

"Ikọ́ ni o!" ọkùnrin náà kígbe.

Bàbá Orrin kan òòlù mọ́lẹ̀, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ìlú ti sọ̀rọ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìlú jọ jẹun bí a ti máa ń ṣe: a jẹ ẹ̀wà tí wọ́n fi oyin mépù sè, a jẹ páì èso ápù, Màmá Lavinia sì ń sunkún sínú àwo tirẹ̀, ó ń sọ pé ata ni. Kò sí ata nínú oúnjẹ yẹn. Màmá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ìlú, fi èsì ìbò náà ránṣẹ́ sí Washington. Inú wa dùn púpọ̀. Ó dà bí ẹni pé a ti gbé òkúta sẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó lè yí i kúrò.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn ará Washington fẹ́ wá sí Stanbury. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a wà ní ahéré Burt níbi tó ti ń se omi mépù. Ooru omi tó ń hó níbẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán dà bí òjìji. Màmá mi ti so ìborùn òtútù rẹ̀ mọ́rùn, ó fẹ́ máa lọ sí Stanbury. Burt ń ro omi náà.

"Ẹ̀gbọ́n Orrin," Burt béèrè, "ṣé ká lọ sí Stanbury ni?"

Bàbá Orrin wo ilẹ̀, ó wo òkè. "Kí lẹ fẹ́ lọ sọ?"

"Ohun tá a sọ níjọ́sí náà ni."

"A ti sọ ọ́."

"Ó yé mi. Ṣùgbọ́n bóyá tí wọ́n bá rí ojú wa..."

"Burt, ìlú ti sọ̀rọ̀. Tí a bá tún lọ ń sọ ọ́, yóò dà bí ẹni pé kò dá wa lójú nígbà àkọ́kọ́. Ẹni tó ń dìbò tó tún ń bẹ̀bẹ̀, ṣé ó dìbò rárá?"

Burt tún omi náà rò. "Omi mépù ń ya wọlé lónìí náà ṣá. Tí mo bá kúrò níbí, yóò jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá Tamsin?"

Tamsin ni orúkọ mi. Màmá mi wo Bàbá Orrin, ó sì tú ìborùn rẹ̀. "Tí Bàbá bá ní kò yẹ, a jẹ́ pé kò yẹ." Burt bu oyin gbígbóná sórí yìnyín fún mi kí ó dì, kí n jẹ ẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn. Àwọn tó kù nílùú gbọ́ pé Bàbá Orrin kò lọ, àwọn náà kò lọ.

Màmá Lavinia lọ. Òun nìkan ló lọ, ó jókòó sẹ́yìn, ó pa ẹnu mọ́ bí òfin iṣẹ́ rẹ̀ ṣe wí. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé èèyàn méjì ló wá, wọ́n to àga púpọ̀, wọ́n se kọfí. Wọ́n dúró. Wọ́n tún dúró. "Èèyàn dáadáa ni wọ́n," ó ní. "Wọ́n tilẹ̀ bi mí bóyá yìnyín ló dí ọ̀nà. Ó wù mí kí n sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n mu kọfí náà fúnra wọn, wọ́n sì pa iná.

Nígbà tí ewé tuntun ń yọ ni èsì dé. Wọ́n yóò tì í.

Bàbá Orrin wá sí ilé wa, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀. "Ṣé wọn ò rí ìbò wa ni?" ó bi màmá mi. Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ kóòtù tó wọ̀ nígbà ìsìnkú ìyàwó rẹ̀, màmá mi sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Montpelier, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa wà. Ilé ìwé wà ní ìsinmi, mo bá wọn lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Kimball ló ń ṣojú àwa àti Stanbury ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ó ń jẹ dónọ́ọ̀tì nígbà tí a wọlé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó fi àga fún Bàbá Orrin.

"Bàbá, tó bá jẹ́ afárá ni, tó bá jẹ́ ilé ìwé ni, ẹ̀ bá ti rí mi lórí tábìlì tí mò ń pariwo. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í ṣe ti Vermont. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ òfin orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ti fi lẹ́tà sọ́wọ́ Washington."

"Ìlú ló dìbò," Bàbá Orrin wí.

"Mo mọ̀, bàbá. Ìbò yín lágbára lórí títì yín, ó lágbára lórí ajá Burt. Tó bá dé ojú ààlà Stanbury, kò pọn dandan kí èmi gan-an tẹ̀ lé e. Ká má tíì wá sọ ti Washington."

Ó bá wa pe ọ́fíìsì aṣojú wa ní ilé aṣòfin àpapọ̀. Ọmọbìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní iṣẹ́ ọ̀gá òun ni kí ó ṣòfin, kì í ṣe ọ̀gá náà ló ń ṣí ilé ìfìwéránṣẹ́, kì í ṣe òun ló ń tì í, ẹ̀ka mìíràn nínú ìjọba ló ń mú òfin ṣẹ. Ṣùgbọ́n ó bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn yẹn, ó sì pè padà nígbà tí a ṣì jókòó síbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Kimball sì fi fóònù lé Bàbá Orrin lọ́wọ́.

"Wọ́n rí ìbò yín, bàbá. Ó wà lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ìbò ìlú kan kò lè pàṣẹ fún ìjọba àpapọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ẹ sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí yín tí wọ́n bá tì í. Ta ló ń gba oògùn níbẹ̀? Ta ni kò lè gun òkè yẹn nígbà yìnyín? Wọ́n ní àwọn dúró ní Stanbury, ẹnikẹ́ni ò wá."

Bàbá Orrin gbé fóònù náà mọ́ etí títí lẹ́yìn tí ọmọbìnrin náà ti lọ.

"Ilé ẹjọ́ ńkọ́?" màmá mi béèrè.

Agbẹjọ́rò ni Ọ̀gbẹ́ni Kimball tí kò bá jókòó ní ilé aṣòfin. Ó mi orí. "Adájọ́ kò ní bi wọ́n bóyá ó dára tàbí kò dára. Yóò bi wọ́n pé, ṣé ẹ sọ fún àwọn ará ìlú? Wọ́n á ní àwọn sọ. Ṣé ẹ fún wọn láyè kí wọ́n sọ tẹnu wọn? Wọ́n á ní àwọn tilẹ̀ se kọfí."

Olùkọ́ wa ti ya ìjọba fún wa rí lára pátákó. Ó ya ilé mẹ́ta: ọ̀kan ń ṣòfin, ọ̀kan ń mú un ṣẹ, ọ̀kan ń dájọ́. Ó tún ya àkàsọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: ìlú nísàlẹ̀, ìpínlẹ̀ láàárín, orílẹ̀-èdè lókè. Mo yà á dáadáa, mo sì kun ún. Ohun tí mo rò nígbà náà ni pé ohun tí a bá sọ nísàlẹ̀ yóò máa gòkè fúnra rẹ̀ bí èéfín. Ní Montpelier ni mo rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣí i sílẹ̀. Wọ́n ṣí èyí tó jẹ́ tiwa ní Stanbury, kò sì jìnnà.

Nígbà tí a ń padà, tí a ti rí odò wa, Bàbá Orrin yíjú sí màmá mi.

"Èmi ló ní kí wọ́n jókòó sílé," ó wí.

"Gbogbo wa la jókòó, Bàbá," màmá mi dáhùn.

"Èmi ló ní kí wọ́n jókòó."

Nínú oṣù Òkudù ni Màmá Lavinia lọ. Bàbá Orrin ló bá a di ẹrù sínú ọkọ̀. Ó dì í dáadáa, ó fi okùn so ó lọ́nà tí nǹkan kan kò lè mì. Mo mú búrẹ́dì tí màmá mi ṣe wá fún Màmá Lavinia, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn torí n kò mọ ìgbà tó yẹ kí n gbé e sílẹ̀.

"Mo ní kí n yọ ilẹ̀kùn àpótí lẹ́tà rẹ fún ọ," Màmá Lavinia wí, "ṣùgbọ́n ti ìjọba ni. Èmi ò fẹ́ tọ́ oúnjẹ ẹ̀wọ̀n wò ní ọjọ́ ogbó mi."

"Má yọ ọ́," Bàbá Orrin wí.

Màmá Lavinia jókòó sínú ọkọ̀, ó sọ gíláàsì kalẹ̀. "Orrin, kò sí ìpàdé níbí o. O lè bá mi sọ̀rọ̀ tààrà. Ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ sọ?"

Bàbá Orrin wo ilẹ̀, ó wo òkè.

"Rọra máa wa ọkọ̀ lórí òkè yẹn," ó wí.

Màmá Lavinia ṣì dúró díẹ̀. "Ọ̀nà ń yọ̀," ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sí yìnyín níbì kankan. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó lọ. Búrẹ́dì náà wà lọ́wọ́ mi síbẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, mo ń rí Bàbá Orrin tó ń gbé igi mọ́ apá jáde ní àárọ̀. Yóò dé ojú títì, yóò dúró, yóò tún gbé e padà sílé.

Ìpàdé ìlú ti ọdún yìí dé. Nígbà tó ku díẹ̀ kí a lọ jẹun, Bàbá Orrin dìde, ó rìn lọ bá Burt, ó fi òòlù onígi náà lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó wá jókòó sáàárín àwọn èèyàn, ó sì na ọwọ́ sókè.

Burt wo òòlù náà bí ẹni pé ó gbóná. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin mà ni adarí."

"Ìwọ ni. Ìwọ lo mú òòlù dání. Adarí ìpàdé, mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

"Ẹ... ẹ máa sọ ọ́."

Bàbá Orrin dìde. "Ní ọdún tó kọjá, mo sọ fún yín pé ìlú ti sọ̀rọ̀. Mo ní kí ẹ má lọ sí Stanbury. Mo rò pé ibi tí ohùn wa dé nínú gbọ̀ngàn yìí, ibẹ̀ náà ló dé níta. Kò dé ibẹ̀. Mo bẹ̀ yín, tí wọ́n bá tún pè yín níbì kankan, ẹ lọ, kódà kí ó jẹ́ èmi ni mo ní kí ẹ má lọ. Mo fẹ́ kí a dìbò láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Lavinia Stroud. Ó yẹ kí a ti sọ ọ́ fún un."

Burt kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójú ẹsẹ̀. "Àwọn tó fara mọ́ ọn?" Ariwo náà tún mú kí gíláàsì dún. Burt gbé òòlù sókè, ó wo Bàbá Orrin, ó sì rọra gbé e sílẹ̀ láì kàn án. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìlú ti sọ̀rọ̀.

Màmá mi kọ èsì náà, ó fọwọ́ sí i. Bàbá Orrin ní òun fúnra òun ni yóò fi ránṣẹ́ sí Ohio. A gbé e lọ sí Stanbury. Nínú ọkọ̀, ó ya bírò lọ́wọ́ mi, ó gbé ìwé náà lé orúnkún, ó sì wo ibi tó ṣófo lábẹ́ orúkọ màmá mi. Títí a fi gun òkè, títí a fi sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, bírò náà kò kan ìwé. Ó dá a padà fún mi, ó dúpẹ́, ó sì ká ìwé náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí iṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀ ní ọ̀yàyà. Ó ta sítáàmù fún un, ó wo ẹ̀yìn àpò ìwé náà. "Ẹ ò kọ ibi tí ẹ ti wá, bàbá. Tí wọn kò bá rí ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, ibo ni ká dá a padà sí?"

"Corley Hollow."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. "Kò sí níbí. Ṣé Stanbury ni ká kọ?"

Àwọn èèyàn tò sẹ́yìn wa. Bàbá Orrin yíjú wò mí, bí ẹni tó ń dúró kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò sì rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ó wo ilẹ̀. Kò wo òkè.

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ó wí.